Ta Ló Wọ̀n Ọ́n?

  Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ Olóyèmẹkùn, mo kí yín. Ẹ̀yin ọmọ Oǹdó Èkìmọ̀gún, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ má baà ní Àkúrẹ́ ni mo kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń wá èrò ní gáréèjì, ẹ̀yin ọlọ́kadà ní Yaba l'Óǹdó, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ti ń to bọ̀ọ̀lì sórí iná lẹ́bàá títì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú èéfín náà.

Bẹ́ẹ̀ ni, èéfín. Ọ̀rọ̀ èéfín la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe ti ààrò o. Èéfín ọkọ̀ ni, àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó mọ̀ pé èéfín yẹn ń ṣe èèyàn ní jàǹbá, tí wọ́n sì parọ́ nípa rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni màá máa bi yín títí a ó fi túká. Ẹ bá mi mú un dání. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sọ pé ọjà òun mọ́, pé kò léwu fún ẹnikẹ́ni, ta ló wọ̀n ọ́n?

Mo tún un sọ. Ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹ ò lè ṣàì mọ Volkswagen. Àwọn ló ṣe ọkọ̀ ìjàpá tí àwọn tíṣà àti àwọn pásítọ̀ ń gùn nígbà kan. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní ọ̀nà Badagry l'Ékòó. Orúkọ tó níyì ni. Tí wọ́n bá ti ní ọjà kan ti Jámánì wá, ṣé ẹ máa ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì? Èmi kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Owó ni mo máa ń wá.

Ilé-iṣẹ́ yìí ló ń polówó kiri Amẹ́ríkà pé ọkọ̀ tó ń mu dísù lọ́dọ̀ àwọn mọ́ tónítóní. Bẹ́ẹ̀, òfin Amẹ́ríkà le lórí èéfín. Kí irú ọkọ̀ kan tó dé ọjà, ó ní yàrá tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á gbé táyà rẹ̀ lé orí irin róbótó. Awakọ̀ á tẹná. Táyà á máa yí, irin á máa yí, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Wọ́n á wá fi ẹ̀rọ gba èéfín lẹ́nu sàlẹ́ńsà, ẹ̀rọ á sì sọ iye májèlé tó wà nínú rẹ̀.

Kí ni Volkswagen ṣe? Wọ́n fi àrékérekè sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà yẹn ń ṣọ́ sítíárìn. Tó bá ti rí i pé táyà ń yí, àmọ́ tí sítíárìn ò yà sọ́tùn-ún, tí kò yà sósì, ó ti mọ̀ pé inú yàrá àyẹ̀wò lòún wà nìyẹn. Kíá, á tan gbogbo ohun tó ń fọ èéfín. Èéfín á mọ́. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé. Ìgbà tí ọkọ̀ bá wá dé títì, tí sítíárìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí tiwa ṣe ń yí ní Oríta Road Block l'Ákùúrẹ́, kọ̀ǹpútà á rọra dẹwọ́. Májèlé á máa tú. Nínú àwọn ọkọ̀ náà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń tú sáfẹ́fẹ́ tó ìlọ́po 40 ohun tí òfin gbà láyè.

Ẹ rántí ọjọ́ tí ìnspẹ́kítọ̀ bá ń bọ̀ nílé-ìwé wa. Hẹ́dímásítà á ní ká fọ yúnífọ́ọ̀mù, ká gé èékánná, ká ro ìdí ọgbà. Ìnspẹ́kítọ̀ á yin ilé-ìwé. Ó lọ tán, kálukú á padà sí bó ṣe wà. Ohun tí ọkọ̀ yìí ń ṣe gan-an nìyẹn. Àmọ́ ìdọ̀tí tiwa, ilẹ̀ ló ń wà. Tiwọn, inú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ló ń lọ. Irú afẹ́fẹ́ yẹn máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun, ó sì máa ń mú ikọ́ fée le sí i lára ẹni tó bá ti ní in.

Ta ló wá tú wọn fó? Kì í ṣe ọlọ́pàá. Kì í ṣe aṣòfin. Àwọn olùwádìí bíi mélòó kan ní Yunifásítì West Virginia ni, Daniel Carder ni aṣáájú wọn. Ní 2013, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n kúrò nínú yàrá, wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, nínú búùtù, wọ́n fi jẹnẹrétọ̀ tì í. Wọ́n wá ń wa ọkọ̀ lọ. Láàárín ìgboro. Lórí òkè. Lójú ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n wa ọ̀kan láti Los Angeles títí dé Seattle. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa: wọn ò wá olè rárá. Èrò ọkàn wọn ni pé àwọn máa fi hàn àwọn ará Yúróòpù pé ọkọ̀ dísù ti Amẹ́ríkà mọ́. Wọ́n kàn fẹ́ wọ̀n ọ́n ni. Ìwọ̀n ló mú olè.

Àwọn aṣọ́-afẹ́fẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ California gba ìwádìí náà, wọ́n bi Volkswagen léèrè ọ̀rọ̀. Ó lé ní ọdún kan tí ilé-iṣẹ́ náà fi ń sọ bótibòti. Wọ́n ní ẹ̀rọ yín ni kò dára. Wọ́n ní ojú ọjọ́ ni. Àfi ìgbà tí ìjọba ní òun ò ní fún wọn láṣẹ láti ta ọkọ̀ tuntun ni wọ́n tó jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹsàn-án, 2015, ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí gbangba. Ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 11 káàkiri ayé ni kọ̀ǹpútà onírọ́ yẹn wà nínú wọn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí ọ̀gá àgbà wọn, Martin Winterkorn, fi kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Wọ́n jẹ́jọ́ o. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ náà gbà nílé ẹjọ́ Amẹ́ríkà pé àwọn jẹ̀bi, ilé ẹjọ́ sì rán òṣìṣẹ́ wọn méjì lọ sẹ́wọ̀n níbẹ̀. Ọ̀kan gba ọdún méje. Ní Jámánì, ó di oṣù karùn-ún 2025 kí ilé ẹjọ́ tó dá ẹ̀wọ̀n fún àwọn ọ̀gá àtijọ́ méjì. Ẹ ò rí i pé ó pẹ́! Ní England àti Wales, àwọn tó ra ọkọ̀ náà kóra jọ pẹjọ́, wọ́n ń lọ bí 91,000. Ní 2022, Volkswagen gbà láti san mílíọ̀nù 193 pọ́n-ùn fún wọn. Ọmọ Yorùbá tó bá wà ní Peckham, tó ra ọ̀kan, tó sì forúkọ sílẹ̀ nínú ẹjọ́ yẹn, òun náà nípìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà l'Ákùúrẹ́ ńkọ́, tí èéfín ọkọ̀ ń fẹ́ lù lójoojúmọ́? Ta ló pè é síbi owó?

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yan èèyàn jẹ lórí èéfín ọkọ̀ là ń sọ. Ìbéèrè tí a gbé dání ni: ta ló wọ̀n ọ́n?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bọ̀ wálé. Nítorí pé ọ̀rọ̀ tiwa le ju tiwọn lọ. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin wà, olè fo ògiri. Lọ́dọ̀ tiwa, ògiri ọ̀hún ò ga ju orúnkún lọ.

Ẹ mọ imí ọjọ́. Òun làwọn àgbà máa ń pò mọ́ òrí láti fi pa kúrúnà. Imí ọjọ́ wà nínú epo rọ̀bì láti inú ilẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kó tó di dísù tàbí bẹntiróòlù. Yíyọ rẹ̀ gba owó. Tí wọn ò bá yọ ọ́, ó máa ń jó pọ̀ mọ́ epo nínú éńjìnì, èéfín rẹ̀ á sì wọ àyà èèyàn lọ. Ó tún ń ba ohun tó ń fọ èéfín lábẹ́ ọkọ̀ jẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ ra ọkọ̀ tó dáa jù láyé, tó sì jẹ́ epo burúkú lẹ ń rọ sí i, ẹ ti sọ ọ́ di ọkọ̀ burúkú.

Ẹ fojú inú pín dísù sí ìpín mílíọ̀nù kan. Ní Yúróòpù, imí ọjọ́ ò gbọ́dọ̀ ju ìpín 10 lọ nínú rẹ̀. Ní Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí tí mo fẹ́ sọ yìí, òfin tiwa gba ìpín 3,000.

Ẹ gbọ́ mi? Mẹ́wàá lọ́hùn-ún. Ẹgbẹ̀ẹ́dógún níhìn-ín. Ọmọ aráyé kan náà ni wa o, imú kan náà la fi ń mí.

Ní oṣù kẹsàn-án 2016, ẹgbẹ́ kan láti Switzerland tí wọ́n ń pè ní Public Eye gbé ìròyìn kan jáde. Àwọn èèyàn wọn ti wọ ilé epo ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ní Áfíríkà, lára wọn ni Gánà, Benin àti Ivory Coast. Wọ́n ra epo bí ẹnikẹ́ni ṣe ń ra epo. Wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti lè wọ̀n ọ́n. Èyí tó burú jù nínú dísù tí wọ́n rà, imí ọjọ́ inú rẹ̀ tó ìlọ́po 378 èyí tí òfin gbà ní Yúróòpù. Wọ́n sì tọpa epo náà dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò ńláńlá tó fi Switzerland ṣe ibùjókòó: Vitol, Trafigura, Addax and Oryx. Ní èbúté Amsterdam, Rotterdam àti Antwerp ni wọ́n ti ń po epo náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń pò ó kó lè burú títí dé ibi tí òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá gbà á dé. Láàárín ara wọn, wọ́n ní orúkọ fún un: irú ti Áfíríkà.

Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ náà wá ṣe nǹkan kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé kọ̀ntánà kan láti Accra, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ìgboro Accra ló wà nínú rẹ̀, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ fún Trafigura ní Geneva. Wọ́n ní ẹrù yín rèé, ẹ gbà á padà.

Kí ni àwọn oníṣòwò náà fèsì? Wọ́n ní, “A ò rú òfin orílẹ̀-èdè kankan.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn. Volkswagen ní láti parọ́ torí pé ẹnì kan ń wọ̀n ọ́n. Àwọn wọ̀nyí ò nílò irọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ parọ́ fún? Mo mọ̀ pé àwọn lọ́yà kan ń gbọ́ mi, wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí kò bá sí òfin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀.” Ẹ má bínú, mi ò gbà. Ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣekú pa èèyàn, tí kò jẹ́ tà á ládùúgbò tirẹ̀, tó wá ń tà á fún ọmọ ẹlòmíràn torí pé bàbá ọmọ náà ò sí nílé, ọ̀daràn ni lójú tèmi. Kílé ẹjọ́ ṣe tirẹ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bàbá tí kò sí nílé yẹn náà.

Ní oṣù kejìlá 2016, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Gánà àti Ivory Coast pàdé l'Ábùjá. Amina Mohammed ni mínísítà àyíká wa nígbà yẹn. Wọ́n fẹnu kò pé àwọn á sọ ìpín 3,000 yẹn di 50, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje 2017. Gánà bẹ̀rẹ̀. Àwa ńkọ́? A sún ọjọ́ síwájú. A tún sún un. Ní 2020, ECOWAS fọwọ́ sí i. Ní 2021, òfin epo rọ̀bì tuntun tiwa náà mẹ́nu bà á. Ìwé ò wọ́n wa. Ta ló ń wọ̀n ọ́n ní èbúté? Ta ló ń wọ̀n ọ́n nílé epo?

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ní 2023, ìjọba Netherlands ló dìde, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ti Amsterdam tàbí Rotterdam kó irú epo burúkú bẹ́ẹ̀ lọ sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà mọ́. Netherlands o! Àwọn ni wọ́n ṣe òfin nítorí imú wa.

Ó wá di oṣù keje 2024. Ẹ rántí ariwo yẹn. Farouk Ahmed, tó jẹ́ ọ̀gá àjọ NMDPRA tó ń bójú tó epo nígbà yẹn, ní imí ọjọ́ inú dísù Dangote pọ̀ ju ti òkèèrè lọ. Dangote kọ̀. Ó kó àwọn aṣòfin lọ sí ilé ìfọpo rẹ̀ ní Ìbejú-Lẹ́kì, wọ́n wọn tirẹ̀ lójú wọn, kò tó ìpín 100. Wọ́n wọn méjì mìíràn tí wọ́n ní ilé epo ni wọ́n ti rà á, ó lé ní 1,800. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ilé àyẹ̀wò ta ni? Ti Dangote. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta gààrí kọ́ ló yẹ kó gbé kóńgò rẹ̀ wá. Ìjọba ló yẹ kó ní ìwọ̀n tí gbogbo wa gbà. Nígbà tí ọ̀gá àjọ ń sọ nọ́ńbà kan, tí oníṣòwò ń sọ òmíràn, tí ará ìlú ò ní ibi tó lè lọ wò ó, ta ló wọ̀n ọ́n?

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má yí rédíò o. Ó ti kàn yín.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan l'Ákùúrẹ́ níhìn-ín. Wọ́n gbé Toyota tòkunbọ̀ kan sókè lórí jáàkì. Ọmọ iṣẹ́ kan ti wọ abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ayùn irin. Ohun tí wọ́n ń pè ní kátálíìsì ló ń gé, agolo wúwo kan tó wà láàárín páìpù sàlẹ́ńsà. Ọkùnrin kan dúró tì í, ó di owó mọ́wọ́. Òun ló ń rà á, torí pé nǹkan iyebíye wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń fọ́ jáde. Ọ̀gá mẹkáníìkì rí mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò wúlò fún ọkọ̀ níbí. Tí a bá yọ ọ́, éńjìnì á mí dáadáa.” Páìpù lásán ni wọ́n jó mọ́ ibẹ̀. Wọ́n tan ọkọ̀, iná ṣẹ́kì éńjìnì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọmọ iṣẹ́ ní kò sí wàhálà, àwọn á pa iná náà.

Éńjìnì á mí dáadáa! Àwa tí a dúró lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́?

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Mi ò fi ẹni tó ń wá owó oúnjẹ wé ilé-iṣẹ́ tó ní onímọ̀ ẹ̀rọ lọ́gọọgọ́rùn-ún. Ohun tí mo rí ni pé ìdí kan náà ló jẹ́ kí méjèèjì ṣeé ṣe. Ọkọ̀ tí wọ́n gé kátálíìsì rẹ̀ yẹn máa gba pàtíkúlà tuntun. Ìwé á sọ pé ó yẹ lójú pópó. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, nígbà tí ẹ fẹ́ tún ìwé yín ṣe kẹ́yìn, ṣé ẹnikẹ́ni wo ẹnu sàlẹ́ńsà yín? Àbí owó lẹ san, ìwé jáde, ọkọ̀ wà nílé?

Òfin sì wà o. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin tó de èéfín ọkọ̀ oníbẹntiróòlù àti onídísù. Ìkáwọ́ NESREA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ló wà. Òfin ò ṣàìsí. Ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n kì bọ ẹnu sàlẹ́ńsà ló ṣọ̀wọ́n bí ojú.

Ẹnì kan á ní, “Ebi ń pa wá, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ èéfín.” Mo gbọ́. Ẹ lọ bi ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní ikọ́ fée. Ẹ bi í iye tí wọ́n ń ta oògùn fẹ́ntólìn látìgbà tí GSK tó ń ṣe é ti kéde ní 2023 pé àwọn ń kó kúrò ní Nàìjíríà. Ẹ bi ìyá oníbọ̀ọ̀lì ní Ẹnu-Ọwá l'Óǹdó, tó ń jókòó sáàárín okadà láti òwúrọ̀ dalẹ́, bóyá owó oúnjẹ àti owó oògùn kì í ti inú àpò kan náà jáde. Èéfín wà lára ohun tó ń jẹ owó ọbẹ̀.

Wọ́n á tún ní, “Agbára wa ò ká ilé-iṣẹ́ òyìnbó.” Irọ́ ni. Ní 2024, àjọ FCCPC tó ń dáàbò bo oníbàárà bu ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta tó ni Facebook lórí. Meta pẹjọ́. Ní oṣù kẹrin 2025, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní FCCPC jàre. Àwọn ará Àbújá ló ṣe é, kì í ṣe ará Washington. Ọ̀rọ̀ ìwífún wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi mú Meta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé irú ojú yẹn wo epo àti ọkọ̀ náà.

Kí ni mo fẹ́? Mo fẹ́ kí wọ́n máa ra epo nílé epo láìsọ tẹ́lẹ̀, bí Public Eye ṣe ṣe, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ lórí rédíò bí a ṣe ń ka èsì bọ́ọ̀lù: ilé epo báyìí ní Ọ̀nà Ọ̀dà l'Ákùúrẹ́, imí ọjọ́ báyìí, ilé epo báyìí ní Òpópónà Adémúlẹ̀gún l'Óǹdó, imí ọjọ́ báyìí. Kí wọ́n dárúkọ ẹni tó kó o wọlé. Tó bá kọjá òfin, kí ilé-iṣẹ́ náà san owó, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì wá dúró níwájú adájọ́, kó má jẹ́ ọmọ tó ń rọ epo ni wọ́n máa tì mọ́lé. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ò nílò láti dúró de Àbújá kó tó ra ẹ̀rọ ìwọ̀n èéfín fún àwọn VIO rẹ̀ tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Ìdìbò á tún dé. Àwọn tó ń wá ìbò á tó máa pín ìrẹsì. Ẹ gba ìrẹsì yín. Ẹ wá bi wọ́n nípa ẹ̀rọ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èéfín ọkọ̀ là ń sọ, àti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń fi í rẹ́ wa jẹ. Laìnì ti ṣí báyìí. Mo fẹ́ gbọ́ látẹnu awakọ̀, ọlọ́kadà, onílé epo, mẹkáníìkì. Ẹ̀yin VIO náà, tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ pè. Àmọ́ ẹnì kan ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé: ẹni tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọn èéfín ọkọ̀ rẹ̀ rí, ì báà jẹ́ l'Ákùúrẹ́, ì báà jẹ́ l'Óǹdó. Kó sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀ fún wa, kó sọ ọdún tó jẹ́, kó sì sọ iye tí ẹ̀rọ náà kà. Hẹ́lòó, ta là ń bá sọ̀rọ̀?